Páànù Méjìlélógójì

Nínú dígí kékeré òkè orí mi ni mo ti mọ ojú rẹ̀,
ọdún mẹ́fà àti oṣù díẹ̀:
bí ó ṣe ń sanra, bí ó ṣe ń yẹra fún tèmi.

Eleuterio Mansilla, ọmọ erékùṣù Ṣílóè,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè àtijọ́,
tí ilé dúró lórí òpó lójú omi
bí obìnrin tó ká yẹ̀rì dé orúnkún.
Ọ̀dùnkún ni bàbá rẹ̀ ń gbìn, ó ń ṣa ìṣáwùrú nígbà tí omi bá fà.
Ọmọ di akọ̀wé ẹgbẹ́ apẹja.
Ó gun orí àpótí ẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó kígbe:
"Òkun kì í ṣe oko baba ẹnì kan!"
Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi gbóná nínú òtútù.
Ìgbe yẹn ló gbé e dé Sántíágò,
tí wọ́n fi í ṣe mínísítà ẹja.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, iwájú ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
"Nibaldo, èmi ò lè wà lẹ́yìn bí ẹrù."
Nígbà tó fi di oṣù kẹta, ó ti bọ́ sẹ́yìn.
N kò dá a lẹ́bi. Fóònù pọ̀, fáìlì pọ̀,
ẹni tó bá sì jókòó síwájú
kò ní lè ṣàìrí ọ̀nà.

Àwọn tó ń sin ẹja sámọ́nù wá, pẹ̀lú kóòtù olówó ńlá,
ohùn wọn rọlẹ̀ bí ohùn dókítà.
Kọ̀rọ̀ òkun kan ni wọ́n tọrọ. Ó fọwọ́ sí i.
Wọ́n tọrọ òmíràn.
Mo ń gbọ́ bí kálàmù ṣe ń họ ìwé lẹ́yìn mi
bí eku nínú àjà.

Ó wá ní kí n fi ọkọ̀ akẹ́rù lọ sílé.
"Ilé ìyá mi ń jò," ló wí. Kò wò mí nínú dígí.
Páànù ni, tuntun, ó ń kọ mọ̀nà.
Èmi ni mo sọ̀ ọ́, èmi ni mo kà á.
Ìyá Zunilda fọwọ́ ra á bí ẹni ń ra orí ọmọ:
"Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń gbé garawa kiri yàrá."
Orúkọ ilé-iṣẹ́ sámọ́nù wà lára ìwé ẹrù.
Mo ká a, mo fi sápò.
Títí dòní n kò mọ ìdí tí n kò fi sọ ọ́ nù.

Ọdún kejì, òkun pupa bí ojú ẹni tí kò sùn.
Sámọ́nù kú, ìṣáwùrú kú, òórùn wọ inú búrẹ́dì.
Àwọn apẹja dáná sun táyà lójú títì,
ọmọdékùnrin kan sì gun àpótí ẹja,
ó ń kígbe ọ̀rọ̀ Eleuterio padà sí Eleuterio.

Ìwé ìròyìn ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù.
Ẹnikẹ́ni kò rí ìyẹn dì mú.
Adájọ́bìnrin yíjú sí mi: "Páànù mélòó?"
Mo lè sọ pé mo ti gbàgbé.
Àmọ́ àna mi ti ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ní oṣù yẹn,
ó ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́tọ̀.
"Méjìlélógójì, Olúwa mi."
Eleuterio rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbi tó dúró sí.
"Mo rò pé ogójì ni," ló wí,
gbogbo ilé ẹjọ́ sì gbọ́ ọ.

Wọ́n há a mọ́ ilé ìyá rẹ̀, ọdún márùn-ún.
Mo lọ kí i nígbà òtútù. Ó bu tíì fún mi.
Garawa kankan kò sí nílẹ̀.
Òjò bẹ̀rẹ̀, ó ń lu páànù náà kíkankíkan,
mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì, tó ń bá mi sọ nǹkan.
N kò gbọ́. Mo tẹ etí sí i, mo ní, "Kí lẹ wí?"

Ó na ìka sókè,
ó sì tún tíì bù.